Ilé Òpérà tí Owó Rọ́bà Kọ́

Ní ilẹ̀ Bràsíl, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Manaus. Àárín igbó kìjikìji ni ó wà, létí odò Negro, nítòsí ibi tí odò náà ti pàdé odò Amazon. Láti etí òkun dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 1500 kìlómítà. Ilé òpérà ńlá kan wà ní ìlú yìí. Òpérà ni eré tí àwọn òṣèré ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ wọn, tí àwọn onífèrè àti onígòjé sì ń bá wọn gbè é.

Ta ni ó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dé inú igbó? Rọ́bà ni. Igbó Amazon ni igi rọ́bà ti ń lalẹ̀ hù. Bí a bá fi ọ̀bẹ há èèpo rẹ̀, oje funfun á máa kán. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi oje yìí ṣe táyà kẹ̀kẹ́ àti ti mọ́tò, rọ́bà di ọ̀wọ́n, àwọn oníṣòwò Manaus sì di olówó. Àwọn tí ń há igi nínú igbó ńkọ́? Gbèsè ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀gá ń tà wọ́n ní oúnjẹ àti ọ̀bẹ láwìn, ọ̀gá kan náà ni ó sì ń dá iye rọ́bà wọn.

Ní 1884 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Iṣẹ́ dúró, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 31 oṣù Desẹ́ńbà 1896. Ọkọ̀ ojú omi ni ó kó irin rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Scotland, ó kó òkúta dídán wá láti Ítálì. Òrùlé rẹ̀ rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Awo amọ̀ dídán 36,000 ni wọ́n fi bò ó, pẹ̀lú àwọ̀ ásíá Bràsíl: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ aró. Ìjókòó 701 ni ó wà nínú rẹ̀. Lára aṣọ ìkélé ńlá tí ó bo ojú àgbàlá eré, wọ́n ya àwòrán ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. A kì í ká aṣọ náà. Odindi ni wọ́n ń fà á lọ sókè sínú òrùlé.

Wọ́n po rọ́bà mọ́ ohun tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà iwájú ilé, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin má baà pariwo bí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Rọ́bà kọ́ ilé tán, ó tún ń bá a pa ariwo!

Ṣùgbọ́n ní 1876, ogún ọdún kí ilé yìí tó ṣí, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Wickham, ti kó nǹkan bí 70,000 èso rọ́bà lọ sí London. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀dọ́ igi lọ sí Sri Lanka àti Màléṣíà. Níbẹ̀, wọ́n gbìn ín sí oko, igi tò léra, iṣẹ́ yá. Ní Amazon, igi kan jìnnà sí èkejì. Bí wọ́n bá sì gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan, àrùn ewé a máa pa wọ́n.

Lẹ́yìn 1910, iye rọ́bà já wálẹ̀. Àwọn olówó kó lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé náà fi wà láìgbọ́ òpérà. Ní 1997, wọ́n dá ọdún òpérà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tún ń fa aṣọ ìkélé náà lọ sókè.