Ẹ Kíyè Sí Oríkèé Ìbàdí Ọmọ Yín

Kí ọmọ Yorùbá tó mọ ìjókòó ni ó ti mọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá pọ̀n ọ́n, tí ó sì fi ọ̀já gbà á, itan ọmọ yóò yà sọ́tùn-ún sósì, orúnkún rẹ̀ yóò sì ká. Àwọn oníṣègùn egungun fara mọ́ àṣà yìí, nítorí pé báyìí ni orí egungun itan ṣe ń jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Ní Jàpáàn, láti nǹkan bí ọdún 1975 tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe na ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, kí wọ́n má sì fi aṣọ dì í pinpin, yíyẹ̀ ìbàdí dín kù lọ́pọ̀lọpọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀já nìkan kò tó. Àwọn ọmọ kan wà tí ihò yìí kò jinlẹ̀ tó, tí orí egungun itan sì ń yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin, lára àkọ́bí, lára ọmọ tí ó ti ṣe ẹbí rẹ̀ rí, àti lára ọmọ tí ó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ nínú oyún, gẹ́gẹ́ bí Ìgè. Kì í sábà dun ọmọ ọwọ́, nítorí náà kò ní sunkún rẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí, ẹ wò ó bí itan kan kò bá yà tó èkejì, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ.

Bí a bá rí i kí ọmọ tó pé oṣù 6, ìgbànú rírọ̀ tí ó ń ká ẹsẹ̀ sókè, tí ó sì ń yà á, ni a sábà fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń rìn kí a tó mọ̀, ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Àwọn ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ náà ńkọ́? Láàárín ọdún 4 sí 8, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan mọ́. Perthes ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin ni ó sì ń ṣe jù. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ tún ń bá ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ lè máa tiro, kí ó sì ní orúnkún ni ó ń dun òun, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbàdí ni àrùn wà.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ọmọ, tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì. Oríkèé tí ó ń gbọyún lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.