Paul Elvstrøm, Ọ̀gá Atukọ̀ Ìgbòkun

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Òwe yìí bá ìtàn Paul Elvstrøm, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, mu púpọ̀. Fífi ọkọ̀ ojú omi kékeré sáré ìje ni iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ojú omi ni gbogbo ayé ti rí ògo rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó ti fi ìpìlẹ̀ ògo náà lélẹ̀.

Kí a tó sọ ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ̀rọ, a kì í sì fi àjẹ̀ wà á. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń gbé e lọ nípa ìgbòkun, èyí tí í ṣe aṣọ gbòòrò tí a ta mọ́ òpó ọkọ̀. Èyí tí à ń pè ní Finn gùn tó mítà 4.5, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń wà á. Ọwọ́ kan ni ó fi ń di ìtọ́kọ̀ mú, èkejì ni ó fi ń di okùn ìgbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá le, yóò fẹ́ da ọkọ̀ dé. Nígbà náà ni atukọ̀ yóò jókòó sí etí ọkọ̀, tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀já kan nínú rẹ̀, tí yóò sì na ara rẹ̀ sẹ́yìn sórí omi, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Iṣẹ́ itan àti iṣẹ́ ikùn ni èyí. Ẹni tí ó bá rẹ̀ yóò fa ara rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ rẹ̀ yóò fì, ẹlòmíràn yóò sì kọjá lára rẹ̀.

Ọdún 1928 ni a bí Elvstrøm ní Hellerup, lẹ́bàá Copenhagen. Nígbà tí ó di ẹni 20 ọdún, ní 1948, ilẹ̀ rẹ̀ rán an lọ sí Ìdíje Òlíḿpíìkì. Torquay, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti pàdé láti sáré nígbà 7. Ní ọjọ́ kìíní, Elvstrøm kò tilẹ̀ sáré dé òpin. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ ìrètí nù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè, títí ó fi ṣe ipò kìíní nínú eré méjèèjì tí ó kẹ́yìn, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi ara sí iṣẹ́ gidigidi. Ó kan àga kan sínú ilé rẹ̀, a sì máa jókòó sí orí rẹ̀, a máa ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀já, a sì máa na ara sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹni pé orí omi ni ó wà. Ohun tí ó ń dá àwọn yòókù lágara lójú omi ti di ohun tí ó mọ́ ọn lára nílé. Ó tún lo ọgbọ́n orí rẹ̀: ó ṣe ohun èlò kékeré kan tí a ń fi sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, eré náà ni yóò máa fa omi inú rẹ̀ jáde, atukọ̀ kò sì ní láti fi ọwọ́ gbọ́n ọn. Ní ọdún 1954 ó dá ilé iṣẹ́ tí ń rán ìgbòkun sílẹ̀.

Èrè iṣẹ́ yìí kò pẹ́ hàn. Ó gba wúrà ní Helsinki ní 1952, ó gbà á ní Melbourne ní 1956, ó sì gbà á ní Naples ní 1960. Kò sí atukọ̀ ìgbòkun kan tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún 2012 ni Ben Ainslie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba wúrà kẹrin tirẹ̀. Fàdákà tí òun ti gbà ní 1996 ni ó sì fi ta Elvstrøm yọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní iye. Ìfẹ́ láti borí nígbà gbogbo wọ Elvstrøm lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ẹrù fún un. Ní Naples, àìbalẹ̀ ọkàn mú un ṣàìsàn tí kò fi lè bá wọn sáré ìje ìkẹyìn. Ọlá iṣẹ́ tí ó ti ṣe ṣáájú ni wúrà náà fi jẹ́ tirẹ̀. Ní 1964 kò bá wọn díje rárá. Nígbà tí ó ṣe, ó padà wá, ní 1968, ó sì ṣe ipò kẹrin. Èyí tí ó dùn jù lọ ni ti ọdún 1984, nígbà tí ó ti di ẹni 56 ọdún. Trine ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó bá a wa ọkọ̀ Tornado, tí í ṣe ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a so pọ̀. Ipò kẹrin ni baba àti ọmọ ṣe ní gbogbo ayé. Wọ́n tún jọ lọ ní 1988, èyí tí ó jẹ́ ìgbà kẹjọ tí baba náà díje ní Òlíḿpíìkì.

Elvstrøm kú ní ọdún 2016. Láàárín àwọn atukọ̀, a kò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó borí, tí ó sì sọ ọ̀wọ̀ àwọn tí ó bá a díje nù, kò tíì borí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù lè múra sílẹ̀ dè é. Ẹni tí ó bá sì ti múra sílẹ̀, kí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi pẹ̀lú.