Ṣé Ìtọ́jú Ni àbí Ọbẹ̀?

Ajá fa awọ ẹ̀yìn àkùkọ wa ya ní Jos níbí. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti ń lọ. Kí dókítà ẹran tó gún un lábẹ́rẹ́, ó bi wá pé: “Ṣé ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?” Adìyẹ tó bá ti gba oògùn apakòkòrò kò ṣe é pa jẹ títí ọjọ́ tí dókítà dá yóò fi pé. Ẹkún àwọn ọmọ ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Omi sísè ìdajì lítà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì 1, la fi ń fọ ojú ọgbẹ́. Inú páálí nínú ilé ló ń sùn, torí adìyẹ yòókù a máa ṣá ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, eṣinṣin a sì yé ẹyin sí i. Ìdin lè yọ láàárín ọjọ́ kan.

Fún ọ̀sẹ̀ 3, kò kọ. Àkùkọ tí kò kọ, kí la fẹ́ máa pè é? Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ há.