Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, àṣé àlejò ni mí nílé bàbá mi!

Fọ́tò ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ Calabar kan la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà l'Ékòó. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ló yọ fóònù ẹ̀ jáde, ó ní ká wá wo ibi tóun gbé ìyàwó òun lọ. Omi ń ya wálẹ̀ látorí àpáta, tọkọtìyàwó dúró sábẹ́ ẹ̀, wọ́n rí bí adìyẹ tójò pa, síbẹ̀ ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ó ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni. Ló bá kọjú sí mi, ó fòyìnbó bi mí pé ṣebí ìpínlẹ̀ tèmi nìyẹn, ìpele wo lèmi gùn dé nínú méjèèje?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo purọ́. Mo ní ìkejì ni mo dé tẹ́sẹ̀ fi ń dùn mí. Irọ́ gbuu! Mi ò débẹ̀ rí láyé mi.

Ọmọ Òṣogbo ni mí tìyá-tìbaba o. Lọ́jọ́ tí ìjọba Babangida yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìyẹn ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, mo wà lára àwọn tó jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ kí ni mo mọ̀ nínú ìpínlẹ̀ tí mo jó fún? Ọ̀nà òkú ni mo mọ̀. Wọ́n á ní ẹnì kan kú, màá wọkọ̀ lálẹ́ Fúráídè, a ó ṣe ìnáwó ní Sátidé, a ó jẹ ìrẹsì, a ó náwó fún onílù, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Bẹ́gà. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló wà l'Ọ́ṣun. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo purọ́ yẹn, mo jókòó ka àwọn tí mo ti fẹsẹ̀ mi tẹ̀, wọn ò pé mẹ́fà.

Ó bọ́ sí àkókò tí ìyá mi, tí wọ́n wá kí wa l'Ékòó, fẹ́ padà sílé. Tẹ́lẹ̀, páàkì ni màá gbé wọn lọ, màá wá awakọ̀ tójú ẹ̀ fara balẹ̀, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mo kó ìyá mi àti ọmọ mi ọkùnrin sínú mọ́tò, mo ní a ò ní gba tààrà. Ọmọ ọdún 14 lọmọ yẹn, Èkó ni wọ́n bí i sí, bẹ́ ẹ bá ní kó wo ìta, fóònù ló máa máa wò.

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Aṣèjíré, ẹ ti wọ Ọ̀ṣun nìyẹn. Ìkirè ló kàn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òun kọjá n'Ìkirè lóun ò ra dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, irú èyí tí ìyàwó ẹlòmíì máa dà sí ààtàn l'Ékòó, òun ni wọ́n ń gún, wọ́n á fata àtiyọ̀ sí i, wọ́n á ká a róbótó, wọ́n á dín in nínú epo títí tó fi máa dúdú. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Dádì, èyí ti jóná." Màmá ní kó tọ́ ọ wò. Ká tó dé Gbọ̀ngán, ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, ìyá mi ló sì fi ọwọ́ bò ó.

Ní Ìpetumodù, mo dúró kí ọmọ náà lè wo àwọn ìyá tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò. Àmọ́ Ifẹ̀ gan-an ló ti kọ́kọ́ ju fóònù sápò. A lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju ọkùnrin mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká lọ, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ní mùsíọ́mù tó wà nítòsí ààfin, mo sọ ìtàn àwọn orí idẹ fún un, bó ṣe jẹ́ pé lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmoníjẹ̀ ni wọ́n ṣàdédé kàn wọ́n nínú ilẹ̀. Mo tún sọ ti Frobenius, ọmọ Jámánì tó wá s'Ífẹ̀ lọ́dún 1910, tó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, tó sì ní kò lè jẹ́ àwa la ṣe é, pé àwọn Gíríìkì kan ló gbọ́dọ̀ ti wá tẹ̀dó síbí láyé ọjọ́un. Inú bí ọmọ náà débi pé ó ń bá mi jà, bí ẹni pé èmi ni Frobenius!

Iléṣà la sùn, nílé àbúrò ìyá mi. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ iyán tí wọ́n gbé fún wa pa mọ́, kí ìyàwó mi má baà ka ìwé ìròyìn yìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Olúmirìn lorúkọ omi náà. Ìtàn ìlú yẹn sọ pé obìnrin ló ṣíwájú àwọn tó wá láti Ifẹ̀ tí wọ́n fi rí i, Akínlà lorúkọ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rí omi rárá lẹ ó ti máa gbọ́ ọ, ìtútù ẹ̀ á sì ti máa fẹ́ lu ojú yín. Ìpele kìíní ò le, Màmá náà débẹ̀, wọ́n jókòó lórí òkúta, wọ́n kó ẹsẹ̀ sómi bí ọmọge. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ di gbòǹgbò igi ni kó o dì mú. Òjò ti rọ̀ lóru, àpáta ń yọ̀, èmi tí mo ń wọ bàtà ọ́fíìsì (ẹ má rẹ́rìn-ín) ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì ni mo dé tí ẹsẹ̀ mi kọṣẹ́. Irọ́ mi wá di òótọ́! Ọmọ mi àti ọ̀dọ́kùnrin ìlú tó mú wa gòkè dé ìkẹta.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìrìn àjò náà dùn dé. Òṣogbo ló kù, ilé sì ni, kí ló tún kù tí mi ò mọ̀ níbẹ̀? Màmá ló ní ká yà sí igbó Ọ̀ṣun. Alhaja ni ìyá mi o, ọdún dé ọdún ni wọ́n ń gbààwẹ̀, wọn kì í ṣe olórìṣà. Wọ́n ní odò tí wọ́n fi pọnmi tọ́ àwọn ni, kí ọmọ-ọmọ àwọn lè rí i.

Igbó yẹn tutù, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi àwọn ọ̀bọ tó ń fò kiri. A rí àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger àti àwọn ọmọ Òṣogbo tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀. Òun là ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, tó sì kú sí Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009. Lọ́dún 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

A wá dé etí odò. Omi náà pọ́n, ó ki, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Màmá na ọwọ́ kí wọ́n fi bọ́jú, wọ́n tún fà á padà.

"Ṣé odò náà nìyí? A máa ń rí yanrìn nísàlẹ̀ ẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé."

Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Èmi mọ ìdí ẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tá a ti ń bọ̀ gan-an, àwọn ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọnú Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn l'Ékòó nígbà yẹn. Ẹ wá bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo ka ti bọ́ọ̀lù! Odò yìí kan náà ni wọ́n sì sé ní Aṣèjíré tí wọ́n fi ń fún àwọn ará Ìbàdàn lómi.

Ọmọ mi bi ìyá mi pé ta ló máa fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, bi bàbá ẹ."

Mi ò tíì ní èsì tí màá fún un. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe, mo kọ lẹ́tà sí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mo ń retí èsì. Mo sì ti jẹ́wọ́ irọ́ mi fún ọmọ Calabar yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní tó bá di oṣù kẹjọ, èmi lóun máa tẹ̀ lé lọ wo Arugbá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ti pè lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló kàn, níbi tí àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, tí ìró ìbọn ń dún fún ọdún 16, láti 1877 títí dé 1893. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá-bàbá àwọn wà nínú ogun yẹn, àwọn ò sì rí ibẹ̀ rí. Wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀, kí n má gbàgbé dòdò Ìkirè, kí ó sì pọ̀ ju ti ìjọ́sí lọ, torí ẹyọ kan tí wọ́n fọwọ́ bò níjọ́sí, ọmọ yẹn padà jí i jẹ.