Tòmátì Tí Ó Ń Tètè Pọ́n: Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Gbìn Ín ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ná ọjà ní Ìyànà Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò ni ó mọ̀ pé owó tòmátì kì í dúró sójú kan. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láti Kánò àti Kàdúná bá ń já ẹrù sí ọjà Mile 12, tálákà pàápàá lè fi tòmátì se ọbẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, owó tí ń ra abọ́ kan tẹ́lẹ̀ kì í tó ìdajì abọ́ mọ́. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Òkè Ọya tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ipò pàjáwìrì. Ní ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò dá oúnjẹ tí ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ilé ní Èkó sì mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ará ṣe ń béèrè bóyá a lè gbin tòmátì sí àyíká wa. Ìdáhùn wa ni pé a lè gbìn ín. Ṣebí àwọn kan ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ní agbègbè wa yìí láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n tòmátì kì í ṣe tẹ̀tẹ̀. Ìgbà tí a bá gbìn ín ṣe pàtàkì ju bí a ṣe gbìn ín lọ.

Ilẹ̀ olókè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran tòmátì ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òru ti máa ń tutù. Bí òru bá gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 24 Celsius, ìyẹ̀fun inú òdòdó rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, òdòdó náà yóò sì gbẹ, yóò já bọ́ láìso. Òru Èkó sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ni ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ti òjò kún un, èyí tí ń mú kí ewé jẹrà láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ẹ ó sì rí i pé àyè tí ó ṣẹ́ kù fún wa kò ju oṣù mẹ́rin lọ. Irú tí ó ń pẹ́ kí ó tó pọ́n kò lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó ń tètè pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Bí a bá kọ ọjọ́ 65 tàbí 75 sára ìdì irúgbìn, ọjọ́ tí a ṣí i kúrò nínú nọ́sìrì ni a sábà máa ń ka iye náà láti, kì í ṣe ọjọ́ tí a fúnrúgbìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin inú nọ́sìrì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ní tiwa, ẹ fúnrúgbìn sábẹ́ ìbòrí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ẹ ṣí i gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ó lè tanná nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì máa ká a láti àárín oṣù Kìíní.

Roma VF ni irúgbìn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lẹ́tà V àti F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí àrùn tí ó lè mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olú inú ilẹ̀ méjì ni lẹ́tà wọ̀nyẹn dúró fún, Verticillium àti Fusarium. Èyí tí ń pa tòmátì jù ní ilẹ̀ ọ̀rinrin bíi tiwa kì í ṣe olú rárá, bakitéríà ni, Roma VF kò sì ní ààbò kankan sí i. Àwọn irú kan tí a pè ní F1, bíi Mongal àti Cobra 26, ni a ṣe kí wọ́n lè fara dà á díẹ̀, wọ́n sì ń fara da ooru pẹ̀lú. Wọ́n wọ́n gan-an, a kò sì lè tọ́jú irúgbìn wọn fún ọdún tí ń bọ̀, nítorí ọmọ wọn kì í jọ ìyá.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣe nìyí: ewéko tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní àárọ̀ yóò rọ ní ọ̀sán, láìpẹ́ yóò kú pẹ̀lú ewé rẹ̀ ní tútù. Omi kò ràn án lọ́wọ́. Láti mọ̀ dájú, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ti ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́ kedere. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń yọ́ jáde bí òwú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òun ni. Ẹ fa igi náà tu, ẹ jó o, kí ẹ má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìkàn síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ohun tí a gbà yín níyànjú jù ni láti gbìn ín sínú àpò ìrẹsì tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé. Èyí bá ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé àti ti ilé ìjọsìn mu, níbi tí sìmẹ́ńtì ti bo ilẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ wá erùpẹ̀ níbi tí tòmátì tàbí ata kò ti rọ rí, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà pátápátá (tútù yóò jó gbòǹgbò). Ẹ gbé àpò náà lé orí búlọ́ọ̀kù, kí omi àgbàrá má bàa wọ inú rẹ̀, nítorí omi yẹn ló ń gbé àrùn kiri.

Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ gidi, yanrìn ni yóò bá níbi púpọ̀. Yanrìn kì í di omi mú. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ewéko, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní àárọ̀, sí ìdí, kì í ṣe sórí ewé. Bí a bá ń fún un lómi lónìí tí a sì gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdí èso yóò dúdú, yóò sì rà. Bí omi kànga yín bá níyọ̀ lẹ́nu, ẹ má lò ó. Níbi tí ògiri ti yí ewéko ká, afẹ́fẹ́ kì í tó. Ẹ máa fi ìka lu igi òdòdó pẹ́pẹ́ láàárọ̀, kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dà.

Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà funfun lára ewé, ìdin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ já ewé náà sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dichlorvos, oògùn tí a fi ń pa aáyán, fín ohun tí ẹ ó jẹ. NAFDAC kò ṣàdédé fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019.

Ti owó ńkọ́? A kò ní tan ẹnikẹ́ni: oṣù Kìíní tí tiwa ń pọ́n ni ti Òkè Ọya náà ń pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kò sí èrè ńlá nínú títà á. Àǹfààní rẹ̀ ni kí ilé pa díẹ̀ mọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Ẹ ká a bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, kí ó pọ́n nínú ilé, kí ẹyẹ àti olè má bàa ṣáájú yín. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bù iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ sá a sí oòrùn ọyẹ́ kí ọ̀rinrin tó padà. Bí ó bá ti gbẹ tí ó ń dún bí ewé, ẹ kó o sínú ìgò tí ó ní ìdérí tí ó dì dáadáa.