Bí Ìwé Kóòtù Bá Dé Nítorí Gbèsè: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tí Kò Ní Lọ́yà Mọ̀



Onígbèsè wà lára àwọn 8 tí Alùkùránì kà sílẹ̀ pé owó sàká tọ́ sí (Suratu Taoba, 9:60). Ṣùgbọ́n onígbèsè mìíràn kì í wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àfi ìgbà tí kóòtù bá ti dájọ́ tán, tí bélífù sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹni tí kò lágbára láti gba lọ́yà lè ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ má ṣe sá fún ìwé náà

Bí bélífù bá mú sámáńsì wá bá yín ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, ẹ gbà á. Kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n bí olùjẹ́jọ́ bá kọ̀ tí kò yọjú, òfin gba adájọ́ láyè láti gbọ́ ti olùpẹjọ́ nìkan kó sì dájọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlòmíràn lọ nítorí owó tí ó ti san ìdajì rẹ̀.

Ẹ kà á, tàbí kí ẹ fún ẹni tó mọ̀wé kà: kóòtù wo ni? Ta ló pẹjọ́? Èló ló ní ẹ jẹ òun? Ọjọ́ wo ni ìgbẹ́jọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì fún yín láti fèsì? Kóòtù ìbílẹ̀, Májísíréètì àti kóòtù gíga kò lo iye ọjọ́ kan náà, èyí tó wà nínú ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé e tọ akọ̀wé kóòtù náà lọ kíákíá.

2. Ẹ fèsì, kí ẹ sì kó ẹ̀rí jọ

Òfin gba ènìyàn láyè láti ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹ mú ohun tí olùpẹjọ́ sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ gbà á. Èyí tí kì í ṣe òótọ́, ẹ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: “Mo yá ₦200,000, mo ti san ₦120,000, rìsíìtì rẹ̀ nìyí.” Ẹ ṣe ẹ̀dà rìsíìtì, káàdì àjẹṣẹ́kù àti ìwé báńkì yín. Ẹ ní kí wọ́n ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára èlé. Kì í ṣe lásán ni Alùkùránì pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí (2:282).

Bí ẹ bá jẹ owó náà lóòótọ́, ẹ má purọ́. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká lóṣooṣù, torí kóòtù lè pàṣẹ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá parí rẹ̀ nílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí kóòtù gbọ́. Ẹ má torí pé olówó ní “ó ti tán” jókòó sílé.

Ní ti gbèsè àdéhùn lásán, òfin máa ń ti ilẹ̀kùn kóòtù lẹ́yìn ọdún 6, àfi bí onígbèsè bá san díẹ̀ tàbí kọ̀wé gbà á láàárín ìgbà náà. Inú èsì ni a ti ń sọ èyí. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí mọ̀ pé gbèsè ṣì wà lọ́rùn òun lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

3. Gbèsè olóògbé

Inú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni a ti ń san gbèsè rẹ̀, kí a tó pín ogún (4:11-12). Òfin ilẹ̀ wa náà gbà bẹ́ẹ̀. Opó kì í fi owó ọjà tirẹ̀ san án, àfi bó bá ṣe onídùúró tàbí bí wọ́n bá jọ yá a. Nítorí náà, kí opó má ṣe tọwọ́ bọ ìwé kankan nínú ọ̀fọ̀ kó tó fi han ẹni tó mọ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ gbèsè ọkọ di tirẹ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ òrukàn ni yóò sì bá a lọ.

4. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá

Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀tàn gba owó, tàbí tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀.

5. Bí wọ́n bá ti dájọ́ lẹ́yìn yín

Ẹ tètè padà sí kóòtù náà, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí ó gbé ìdájọ́ náà kúrò, kí ẹ sì sọ ohun tí kò jẹ́ kí ẹ wá àti àwíjàre yín. Ẹni tí kò rí jẹ lè béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ Legal Aid Council ní Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin olówó sàká, púpọ̀ nínú yín náà ni ènìyàn jẹ lówó. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Alùkùránì ní kí a lọ́ra fún onígbèsè tí nǹkan le fún, ó sì ní bí a bá fi ta á lọ́rẹ, ó lóore jù (2:280). Ẹ̀yin onígbèsè, ọjọ́ tí ìwé bá dé ni kí ẹ mú un tọ̀ wá wá pẹ̀lú rìsíìtì yín, kí a lè mọ iye tí ó kù gan-an.

Kí Ọlọ́hun sọ wá lórí gbèsè, kí Ó sì fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ. Āmīn.