The Deep House: omi ló ń dẹ́rù bani níbẹ̀, kì í ṣe òkú

Fíìmù tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí ni The Deep House, ọdún 2021 ló jáde. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀, kó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ yìí, kó fi èkejì sílẹ̀ ná.

Ará Faransé méjì ló darí rẹ̀, Alexandre Bustillo àti Julien Maury. Àwọn ló ṣe À l'intérieur lọ́dún 2007, fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wò ó. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á ti rò pé ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò tún máa ṣàn. Rárá o. Lọ́tẹ̀ yìí, omi ni wọ́n gbójú lé.

Ìtàn rẹ̀ ò gùn. Ben àti Tina, ọmọkùnrin kan àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ń lọ káàkiri ilé àpatì, wọ́n ń ya fídíò sórí YouTube. James Jagger ló ṣe Ben (ọmọ Mick Jagger olórin ni), Camille Rowe ló ṣe Tina. Wọ́n lọ sí adágún omi kan ní Faransé tí wọ́n ní ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe débẹ̀ tí èrò kún ibẹ̀ bí ọjọ́ ọdún. Ojú Ben fà ro. Ọkùnrin kan, Pierre, wá ní òun mọ apá ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àjèjì, ṣé ẹ máa tẹ̀ lé e? Wọ́n tẹ̀ lé e.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ilé náà pé. Kò wó, fèrèsé rẹ̀ wà, àga wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ wò ó, bí ìjọba bá fẹ́ fi omi bo ìlú, wọn kì í sábà fi ilé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Serre-Ponçon ní Faransé níbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ sé odò láti ṣe dáàmù, wọ́n fi ohun abúgbàmù wó ìlú Savines kí omi tó dé, wọ́n sì kọ́ òmíràn fáwọn ará ibẹ̀ létí adágún. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Omi Kainji bo Bussa àtijọ́ lọ́dún 1968, nǹkan bí 44,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò lágbègbè náà. Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ kó tó yòrò nínú omi. Torí náà, ilé tó dúró digbí nísàlẹ̀ omi bí ẹni pé onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sọ́jà ni, nǹkan wà níbẹ̀, kódà kí iwin kankan tó yọjú.

Ẹ jẹ́ n wá ṣàlàyé ìdí tí omi yìí fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Nínú fíìmù ilé iwin, ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa máa ń pariwo rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n: kí ló dé tí wọn ò sá? Ilẹ̀kùn nìyẹn! Níhìn-ín, kò sí ẹni tó máa béèrè bẹ́ẹ̀. Bí o bá tilẹ̀ jáde nínú ilé, o ò tíì bọ́. Omi ṣì wà lórí rẹ. Nísàlẹ̀ omi, ẹsẹ̀ ò ṣeé sá, ọwọ́ ò ṣeé jù kíákíá, bí ẹni tó ń lálàá tí nǹkan ń lé.

Èyí tó tún burú ni ti afẹ́fẹ́. Bí èèyàn bá wọ omi dé mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Tó bá dé mítà 20, ó di mẹ́ta. Èémí kan ṣoṣo tí o bá mí níbẹ̀ á jẹ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ì bá jẹ lókè. Ẹ̀rù sì máa ń mú kéèyàn mí gúlegúle. Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ̀rù ṣe ń bà ẹ́ tó ni ọjọ́ rẹ ṣe ń kúrú tó. Kò sí fíìmù ilé iwin orí ilẹ̀ tó lè ṣe ìyẹn fún wa.

Etí náà ńkọ́? Ohùn ń sáré nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ ní bí ìlọ́po mẹ́rin, ó máa ń dé etí méjèèjì bí ẹni pé lẹ́ẹ̀kan náà ni, o ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Nǹkan kàn, ṣé lẹ́yìn ni àbí lókè? Ẹ fi earpiece gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Wọn ò sì fi kọ̀ǹpútà parọ́ omi. Inú àgbá omi ńlá kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n rì àwọn yàrá náà sí, tí àwọn òṣèré wọ̀ ọ́ lọ tàwọn ti sílíńdà lẹ́yìn. Ó hàn lára iṣẹ́ náà. Erùpẹ̀ tó ń rú nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọjá, ó dà bí gidi lójú mi.

(Ohùn kejì)

Ó yá, ẹni tí kò fẹ́ mọ òpin, ẹ dúró síbẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, wọ́n rí àgbélébùú ńlá kan tí wọ́n fi dí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní làákàyè á yípadà níbẹ̀. Ben ní kí àwọn ṣí i. Òkú méjì ni wọ́n bá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ìbòjú wà lójú wọn. Wọ́n sá padà síbi fèrèsé tí wọ́n bá wọlé, wọ́n bá bíríkì níbẹ̀. Ògiri! Títí dé ibẹ̀ yẹn, mi ò rí ẹ̀bi kankan kà sí wọn lọ́rùn.

Àtibẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Òkú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ dákun, òkú tó ń rìn, a ti rí i rí, fíìmù tiwa kún fún un. Gbàrà tí wọ́n yọjú, omi di ẹ̀yìn, ó kàn dà bí ilé iwin tí wọ́n bu omi sí. Ibi tí ìparọ́rọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ariwo gba ibẹ̀. Ìbòjú tí Ben àti Tina wọ̀ ní rédíò, nítorí náà wọn kì í dákẹ́: wọ́n rí nǹkan, wọ́n á sọ pé àwọn rí i, àwa náà ṣáà ń rí i. Ìbòjú ọ̀hún tún bo ojú wọn, omi tún rú, nígbà míì mi ò mọ ẹni tí wọ́n gbá mú nínú àwọn méjèèjì.

Ìtàn ìdílé yẹn gan-an ló dùn mí jù. Àwọn Montégnac ló ni ilé, wọ́n ń jí ọmọ gbé, wọ́n ń pa wọ́n. Àwọn ará abúlé mọ̀, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn o: abúlé tó pa èèyàn tí omi sì wá bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé ìdájọ́ ni, àbí ìpànìyàn míì? Ìbéèrè yẹn nìkan tó fíìmù kan. Wọ́n sáré kà á kọjá lópin, nígbà tí ẹ̀mí ti wọ Ben lára, bí ẹni tó ń ka ìwé ìpolówó nínú bọ́ọ̀sì. Pierre tó mú wọn débẹ̀, ọmọ ilé náà ni. Ìyẹn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́, ó parí.

Síbẹ̀ wọ́n rántí omi lópin. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, Tina wà nínú báàfù, ó ń di èémí mú, ó ń ka ìṣẹ́jú. A ti gbàgbé. Nígbà tí gbogbo nǹkan dojú rú, èémí yẹn ló kù fún un láti fi gòkè. Ẹni tó mọ̀ nípa omi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, torí ẹni tó bá ti mí afẹ́fẹ́ sílíńdà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ di èémí mú bó ṣe ń gòkè. Afẹ́fẹ́ náà á máa fẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹ má fi fíìmù yẹn kọ́ iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sókè, tí ìmọ́lẹ̀ ń sún mọ́ ọn, èmi náà kò mí. Kò débẹ̀. Díẹ̀ péré ló kù. Kò sí òkú kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, kò sí ariwo, omi nìkan ni, ẹ̀rù yẹn sì ju ti gbogbo àwọn tó ń rìn kiri nínú ilé lọ.

Kò tó wákàtí kan àbọ̀, kò ní jẹ dátà yín púpọ̀. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta dé ibi bíríkì ojú fèrèsé yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fò ó lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn.